Ẹni Tí Wọn Ò Tíì Pè

Fèrè òjìji ti fọn lẹ́ẹ̀mejì kí Ibíyẹmí tó dé ìdí àpáta. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló kù. Bó bá fọn ní ẹ̀ẹ̀kẹta tí ènìyàn ṣì wà ní gbangba, àwọn ẹ̀ṣọ́ oòrùn á gbé e bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ewúrẹ́ tó jẹ oko olóko, wọ́n á sì kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri ọjà pé kò mọ iyì awọ ara rẹ̀. Ó di agboòrùn fàdákà rẹ̀ mú, ó ń sáré bí ẹsẹ̀ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ṣe lè sáré. Ilẹ̀ ń jó o ní àtẹ́lẹsẹ̀ láti inú bàtà. Kò sí ẹyẹ kan lójú ọ̀run. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ọ̀sán Ìrágbìjí a máa ní ẹyẹ, a sì máa ní ariwo àwọn ọmọ iléèwé tó ń darí bọ̀ wálé, tí kálukú fi ìwé bo orí. Oòrùn ìgbà náà, ìwé lásán tó láti gbà á lórí ẹni. Oòrùn tó ṣeé bá ṣeré ni.

"Màmá, ẹ tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹja àyangbẹ o!"

Tẹniọlá ló ń pè é láti ẹnu gbọ̀ngàn. Òun ni olùtọ́jú ibẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ.

"Bí mo bá di àyangbẹ, ṣé o ò kúkú ní fi mí se ọbẹ̀ ni?"

"Ẹran yín ti le jù, Màmá. Iná ìlú yìí ò lè sè yín jinná. Ẹ na ọwọ́."

Ibíyẹmí na ọwọ́. Tẹniọlá fi ẹ̀gbà òǹwòran sí i lọ́rùn ọwọ́, ẹ̀gbà dígí tí kò wúwo ju òrùka lọ. Bí inú bá ń bí òǹwòran, ẹ̀gbà á pọ́n. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, á di àwọ̀ ewé tútù. Bó bá ń sunkún, á di àwọ̀ aró. Láti ọwọ́ gbogbo ènìyàn ní gbogbo gbọ̀ngàn orílẹ̀-èdè ni ilé àwòrán ti ń mọ bí ìtàn wọn ṣe ń rìn lára ènìyàn. Kíá ni Ibíyẹmí fa apá bùbá rẹ̀ bo tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ kẹta ìtàn tí wọ́n ń wò. Tẹniọlá rí i. Ó yíjú sí ilẹ̀kùn.

Fèrè kẹta fọn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn irin, òtútù àpáta sì gbà wọ́n mọ́ra.

Nínú, wọ́n ti tẹ́ ẹní kún ilẹ̀, wọ́n sì ti ń jà kí àwòrán tó bẹ̀rẹ̀.

"Mo ní Onífìlà Ewé ni!" Láńlẹ́hìn nìyẹn, télọ̀ tó ń rán aṣọ òjìji fún ìdajì ìlú, tí kò sí ohun tí kò mọ̀. "Ó ti tó ogójì ọ̀sẹ̀ tí mo ti ń wí i. Ojoojúmọ́ ni ó ń kan ògiri, kó, kó, á wá fetí lé e. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Ọ̀gá rẹ̀ tó tì wọ́n mọ́lé ni!"

"Láńlẹ́hìn," ni Àlájà Sìkírátù wí láti orí ẹní kejì, "lọ́sẹ̀ tó kọjá, ológbò lo pè."

"Ológbò yẹn náà ò mọ́!"

"Ológbò tó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ lásán! Kì í jẹ, kì í ṣu. Bí ìyẹn ò bá mọ́, kí ló mọ́ láyé?"

Gbogbo ẹní tó wà ní apá ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ọwọ́ gbogbo wọn sì tàn bí ewé lójú òkùnkùn. Láńlẹ́hìn nìkan ni tirẹ̀ pọ́n.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín." Ó yíjú sí Ibíyẹmí. "Ìyá Ọnàdélé, ẹ gbà mí lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í sọ̀rọ̀, kí lẹ rò? Ṣé Onífìlà kọ́?"

Ibíyẹmí jókòó díẹ̀díẹ̀, ó tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú. "Ẹni tó ń kan ògiri lè jẹ́ pé ó ń wá nǹkan," ló wí.

"Ó ń wá nǹkan! Kí ló sọnù sínú ògiri?"

Kó tó dá a lóhùn, ògiri àpáta ti ń funfun níwájú wọn, *Ilé Tí Kò Lẹ́nu Ọ̀nà* sì ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn náà. Àwọn méje tí wọn ò mọra wọn rí jí lọ́jọ́ kan nínú ilé kan. Ilé náà ní yàrá, ó ní omi, ó ní ológbò kan, oúnjẹ ń yọ lórí tábìlì láràárọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ilẹ̀kùn, kò ní fèrèsé. Ta ló kó wọn síbẹ̀? Ibo ni wọn yóò gbà jáde? Àwọn òǹwòran ló gbọ́dọ̀ wá ìdáhùn. Etí wà lára òpó àárín gbogbo gbọ̀ngàn, ohun ribiti kan bí ẹnu ìkòkò, òǹwòran kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti sọ sínú rẹ̀ lọ́sẹ̀. Ohun tí a bá sọ sí Etí, inú ilé náà ló ń dé. Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ tó lè ṣí ilé, bí atẹ́gùn ni àwọn méje ń gbọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ni ilé àwòrán wí pé yóò gbà. Ó ti di ogójì. Wọ́n ní àwọn tó ṣe ìtàn náà pàápàá ò mọ ohun tó fà á tí kò fi parí, wọ́n kàn ń wò ó bí gbogbo ayé.

Ibíyẹmí mọ̀. Òun nìkan ṣoṣo ló mọ̀.

Ojú Onífìlà Ewé, ọ̀kan nínú àwọn méje náà, kò jọ ojú ẹnì kankan tó mọ̀. Ojú ọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún ni, ó fẹ̀, ó ń dán. Ohùn rẹ̀, nígbà tó bá kùn, ohùn ará etí òkun ni. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ṣe é: òkú tó bá fi ìwà rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé àwòrán, wọn kò gbọdọ̀ fi ojú ara rẹ̀ tàbí ohùn ara rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n òfin gbàgbé ọwọ́.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni Ọnàọlápọ̀ ọkọ rẹ̀ fi ń kan igi. Á fi eegun ìka àárín kàn án lẹ́ẹ̀mejì, á fi etí òsì lé e, á pa ojú dé, lẹ́yìn náà á nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí àyà lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń bẹ ọkàn ara rẹ̀ pé kó fara balẹ̀. Agbẹ́lẹ̀kùn ni, ọmọ agbẹ́lẹ̀kùn, nígbà tí igi ṣì wà láti fi gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ní ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, àwọn kan ti ilé àwòrán wá, wọ́n fi ojú dígí tó ń yàwòrán kọ́ gbogbo àjà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n ní àwọn ń kó iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbà pamọ́ kó má bàa parun. Inú rẹ̀ dùn. Ó bá wọn ṣiṣẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ti di ọdún mẹ́fà tó ti kú, ìyàwó rẹ̀ ò sì gbúròó iṣẹ́ ọwọ́ kankan mọ́, àfi lọ́sẹ̀ kẹta ìtàn yìí, tó rí àjèjì kan tó kan ògiri, kó, kó, tó nu ọwọ́ sí àyà.

Ó yẹ kó sọ. Òfin Ojúlùmọ̀ ni wọ́n máa ń kà fún wọn lẹ́nu ọ̀nà lọ́dọọdún: ẹni tó bá dá ère ìmọ́lẹ̀ kan mọ̀, kó jẹ́wọ́, a ó sì mú un kúrò níwájú àwòrán náà títí láé, nítorí ọ̀fọ̀ tó bá ń wòran kì í tán. Kò jẹ́wọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ń fa apá bùbá bo ẹ̀gbà. Ẹ̀gbà tirẹ̀ kì í pọ́n, kì í di ewé, kì í di aró. Àwọ̀ igi ìrókò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni ó ń ní, kò sì sí irú rẹ̀ nínú ìwé wọn.

Ohun tó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé láti ọ̀sẹ̀ kẹta náà ni ọkùnrin yẹn ti rí ẹnu ọ̀nà. Ó mọ ìdí tí kò fi ṣí i.

Nílé Ọlọ́nà, ìdílé ọkọ rẹ̀, ẹni tó bá gbé ilẹ̀kùn kọ́ kì í dá gba ibẹ̀ jáde. Inú ilé ló máa dúró sí. Onílé á bọ́ síta, á fi oríkì pè é. Bí wọn ò bá pè é, ilẹ̀kùn náà ò tíì di ilẹ̀kùn, igi lásán ni. Lọ́jọ́ tí Ọnàọlápọ̀ gbé ilẹ̀kùn ilé àwọn méjèèjì kọ́, Ibíyẹmí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, ojú ń tì í. Òjò ń ṣe wínníwínní. Ó dúró níta, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé, ẹ máa bọ̀." Ọnàọlápọ̀ dáhùn látinú ilé: "Ta ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé? Gbogbo aláǹgbá tó wà níbí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó kọ̀, kò jáde. Àwọn aládùúgbò ń rẹ́rìn-ín. Iyán tó gún sílẹ̀ fún un tutù, ọbẹ̀ dì, kí ẹnu rẹ̀ tó gbé oríkì náà. Ọkùnrin náà jáde, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "O jẹ́ kí oúnjẹ mi tutù."

Ó rọrùn láti pè é. Ọ̀rọ̀ kan péré sínú Etí. Ṣùgbọ́n ìtàn tó bá ti parí, inú Ilé Ìdákẹ́ ni wọ́n ń dá àwọn ère rẹ̀ padà sí, a kì í sì í tún wọn gbé jáde. Bó bá pè é, ó ti lọ nìyẹn. Bó bá dákẹ́, á tún rí ọwọ́ yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ta ni kò ní dákẹ́?

"Màmá." Tẹniọlá ti wá jókòó tì í, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ogójì ọ̀rọ̀ lẹ ní nínú Etí. Ẹ ò tíì lo ẹyọ kan."

"Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"N kò mọ̀." Ọmọbìnrin náà fi ìka kan gbé etí apá bùbá sókè, àwọ̀ ìrókò náà sì tàn sí ojú àwọn méjèèjì. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i. Ó yẹ kí n kọ ọ́ sínú ìwé. N kò kọ ọ́. Mo kàn ní kí n sọ fún yín pé n kò kọ ọ́."

Ibíyẹmí di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lójú àpáta, ọmọbìnrin kan tó lóyún, èyí tí gbogbo gbọ̀ngàn ń pè ní Aláṣọ Àyìnrín, dìde láti ibi tó jókòó sí. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Ó lọ bá Onífìlà Ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Bọ̀dá, kí lẹ ń gbọ́ lára ògiri yìí?"

Láti ogójì ọ̀sẹ̀, Onífìlà kò tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn rí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí àyà, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì.

"Ẹnu ọ̀nà ni," ló wí.

Ariwo ta! Àlájà Sìkírátù fò dìde lórí ẹní, gèlè rẹ̀ jábọ́. "Ẹnu ọ̀nà! Ó ní ẹnu ọ̀nà ni! Ṣí i, ìwọ ọmọ yìí, ṣí i!"

"Ẹ ṣí i nígbà náà," ni Aláṣọ Àyìnrín wí. Ó fi ọwọ́ sí ikùn. "Ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ kí òjò pa mí."

"Wọn ò tíì pè mí."

"Ta ni kò tíì pè yín?"

Ọkùnrin náà ronú bí ẹni tí wọ́n bi ní orúkọ ìlú tó ti kúrò tipẹ́. "Ẹni tó wà níta," ló wí.

Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ nídìí ògiri. Kò jókòó rí. Nílé Ọlọ́nà, ẹni tó ń dúró de ìpè, lórí ìdúró ni. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, Ibíyẹmí sì rí i pé ọwọ́ òsì ń gbọ̀n, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe gbọ̀n ní oṣù tó kẹ́yìn, nígbà tí òun ń bá a di ife omi mú.

"Mo wí bẹ́ẹ̀!" Láńlẹ́hìn ti dé iwájú, ó ń na ìka sí àpáta. "Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀! Ẹni tó wà níta ló tì wọ́n mọ́lé! Ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ó mọ gbogbo rẹ̀, ó jókòó, ó ń wò wọ́n! Ìkà ènìyàn! Kí ló ń jẹ lára wọn?"

Ọwọ́ gbogbo gbọ̀ngàn pọ́n. Láńlẹ́hìn, tí kò tíì mọ ẹyọ kan láti ogójì ọ̀sẹ̀, òun ló wá mọ̀ ọ́n lónìí, kò sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Ibíyẹmí wo ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà. Ó ronú kan gbogbo ọjọ́ ìsinmi ọ̀sán láti ọ̀sẹ̀ kẹta tó fi jókòó lórí ẹní yìí, tó ń yọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ó ronú kan oúnjẹ ilé. Láti ọdún mẹ́fà, bó bá bu oúnjẹ, á gbé e sílẹ̀ títí á fi tutù kó tó jẹ ẹ́, bí ẹni tí ẹnì kan ṣì ń bọ̀ wá bá jẹun. Ó na ọwọ́ sí èjìká Tẹniọlá.

"Gbé mi dìde."

"Ibo lẹ ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ sọ̀rọ̀."

Àwọn tó tò sídìí Etí yà fún un nítorí ewú orí rẹ̀. Ó dé iwájú ohun ribiti náà. Gbogbo ènìyàn ń wò ó, Ìyá Ọnàdélé tí kì í sọ̀rọ̀. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ti kọjá lórí òjò wínníwínní ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ìtìjú náà kò darúgbó rárá. Ó la ẹnu, ohun tó sì jáde ni:

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé, ẹ máa bọ̀."

Lójú àpáta, atẹ́gùn fẹ́ nínú ilé tí kò ní fèrèsé. Aṣọ Aláṣọ Àyìnrín mì. Onífìlà gbé orí sókè díẹ̀, ẹ̀rín kékeré kan rìn gba etí ẹnu rẹ̀ kọjá, ó sì tún gbé orí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó tán," ni Láńlẹ́hìn wí. "Màmá ti fi ọ̀rọ̀ tiwọn ṣòfò."

"Kò tán," ni Tẹniọlá wí, ohùn rẹ̀ sì kún gbọ̀ngàn. "Mọ́kàndínlógójì ló kù fún wọn. Màmá, ẹ pè wọ́n dáadáa."

Ibíyẹmí mí kanlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di Etí mú bí ẹni di ojú ọmọ mú.

"Àdìgún!"

Orí ọkùnrin náà ta sókè.

"Àdìgún, ọkọ mi. Ọmọ Ọlọ́nà tí í sọ igi di ènìyàn. Èmi ni. Mo ti wà níta tipẹ́, mo kàn ń wò ọ́ ni. Má bínú. Ọ̀nà ti là. Máa bọ̀."

Kò sí atẹ́gùn. Ohùn rẹ̀ ló gba inú ilé náà kan, ketekete, àwọn méje sì yíjú síbi tó ti wá. Onífìlà dìde. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Kò kan ògiri. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó tì í bí ènìyàn ṣe ń ti ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀, ògiri sì ṣí.

Òjò ló wà níta. Òjò gidi, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ inú gbọ̀ngàn yẹn kò fojú rí rí, ó ń rọ̀ sórí koríko. Ó bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó wo iwájú gan-an, ó wo ìyá arúgbó tó di òpó mú nínú àpáta ní Ìrágbìjí, ó wò ó láti òkè délẹ̀. Pẹ̀lú ojú ẹlòmíràn, pẹ̀lú ohùn ará etí òkun, ó ní:

"O jẹ́ kí oúnjẹ mi tutù."

Ó bọ́ sínú òjò. Aláṣọ Àyìnrín sáré tẹ̀ lé e, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, àwọn yòókù tẹ̀ lé e, ológbò ló kẹ́yìn. Àpáta funfun. Lẹ́yìn náà ó dúdú, ó padà di òkúta.

Nínú òkùnkùn, àwọn ẹ̀gbà bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹní dé ẹní. Wọn kò pọ́n, wọn kò di aró. Àwọ̀ ìrókò ni gbogbo wọn.

Láńlẹ́hìn ló kọ́kọ́ rìn wá. Ó ti ṣí fìlà. "Ìyá Ọnàdélé. Ọ̀daràn ni mo pe ọkọ yín fún ogójì ọ̀sẹ̀."

"Inú rẹ̀ ì bá dùn," ni Ibíyẹmí wí. "Ó fẹ́ràn aláriwo. Èmi tí kì í sọ̀rọ̀ ló wá fẹ́, ó sì jẹ ìyà rẹ̀ títí dọ́jọ́ ikú."

Àlájà Sìkírátù nu ojú pẹ̀lú gèlè tó jábọ́. "Ẹ jẹ́ kí n sìn yín délé."

"Rárá, Àlájà. Ẹ ṣeun."

Tẹniọlá bọ́ ẹ̀gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó pẹ́ lórí bíbọ́ rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí òfin wí. "Ìtàn náà ti parí, Màmá. Kò sí ohun tí mo fẹ́ kọ mọ́."

"Ọmọ tèmi."

Nígbà tí fèrè ìtúsílẹ̀ fọn, tí oòrùn ti rọ̀, Ibíyẹmí gba ọ̀nà ilé, agboòrùn ní kíká lábẹ́ apá. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn ìrókò tó ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ó fi eegun ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó fetí lé e. Igi náà dún dáadáa. Ó ṣí i, ó wọlé, ó gbé omi kaná, ó bẹ ègé iṣu méjì-mẹ́ta tó kù sílẹ̀.

Nígbà tó jinná, ó bù ú sínú àwo kan, ó fi epo sí i, ó jókòó. Ooru rẹ̀ ń rú bò ó lójú. Ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan péré, ó fi sẹ́nu. Ó jó o láhọ́n. Ó ń jẹ ẹ́ lọ ní gbígbóná bẹ́ẹ̀ títí àwo fi mọ́.